Adèle, ọmọ Victor Hugo: nígbà tí ìfẹ́ di àrùn, tí àrùn sì di fíìmù

 

Gbogbo àwa tí a fi èdè Faransé kàwé la mọ Victor Hugo. Wọ́n ti fi ìwé rẹ̀ pe dictée fún wa, wọ́n sì ti ní kí a kọ́ ewì rẹ̀ sórí, pàápàá èyí tí ó kọ nítorí Léopoldine, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà tí ó kú sómi. Ohun tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà sọ ni pé Hugo ní ọmọbìnrin mìíràn, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ń jẹ́ Adèle. Omi kò gbé èyí lọ, ìfẹ́ ló gbé e.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá lónìí kò ju èyí lọ: irú àwọn fíìmù kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò lórí fóònù lóru, níbi tí ẹnìkan yóò ti fẹ́ ẹnìkejì títí orí rẹ̀ yóò fi dàrú, tí yóò máa ṣọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí ẹ̀rù yóò máa ba ẹni tó ń wò ó. Bí fíìmù bá parí, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: "Wèrè ni obìnrin yẹn, ó yẹ kí wọ́n pa á." Àwọn fíìmù wọ̀nyí ní ìtàn tiwọn. Adèle wà nínú ìtàn náà, kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1830 ni wọ́n bí i ní Paris. Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ kò ṣàjèjì nínú ìdílé náà. Eugène, ẹ̀gbọ́n Victor Hugo, fẹ́ràn ọmọbìnrin kan náà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ní 1822 ni orí rẹ̀ dàrú, inú ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Charenton ni ó sì kú sí ní 1837. Nítorí náà, kí wọ́n tó bí Adèle rárá ni bàbá rẹ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìfẹ́ àti àrùn lè jọ ṣe. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọmọ náà, ìyá tí Eugène torí rẹ̀ sọ orí nù.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, Léopoldine kú. Oṣù September 1843 ni, ní Villequier. Ọkọ̀ ojú omi dojú dé lórí odò Seine, Léopoldine àti ọkọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jọ kú síbẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni. Ìdílé náà kò bọ́ nínú ọ̀fọ̀ yìí mọ́. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba Louis-Napoléon ní December 1851, Hugo sá kúrò nílùú, ó kó ilé rẹ̀ lọ sí erékùṣù Jersey, nígbà tó yá wọ́n lọ sí Guernesey. Ní Jersey, wọ́n a máa jókòó yí tábìlì ká lálẹ́, wọ́n a ní kí òkú wá bá àwọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé Léopoldine wà lára àwọn tó dáhùn. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ti lé ní 20 ọdún, lórí erékùṣù kékeré, láàárín àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò kúrò lórí òṣèlú àti òkú, tí gbogbo ilé sì ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé òun kò sí láàyè. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ó ń kọ orin, ó sì ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́.

Níbẹ̀ ni ó ti bá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan pàdé, Albert Pinson. A kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn rí o. Nǹkan wà níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkàn Pinson ti kúrò níbẹ̀, ti Adèle kò kúrò. Ní 1863, ó jáde nílé bàbá rẹ̀ láìsọ ibi tó ń lọ gan-an, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Halifax ní Kánádà, níbi tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Pinson lọ. Obìnrin kan ṣoṣo, ẹni tó ti lé ní 30 ọdún, láyé ìgbà yẹn! Ó kọ lẹ́tà sílé pé àwọn ti ṣègbéyàwó. Hugo gbà á gbọ́, ó sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn Guernesey kéde rẹ̀ ní October ọdún náà. Irọ́ ni. Ojú ti gbogbo ìdílé. Síbẹ̀ bàbá rẹ̀ kò jáwọ́ nínú fífi owó ránṣẹ́ sí i.

Ní 1866, wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà lọ sí Barbados. Adèle tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n tún kúrò níbẹ̀, Adèle kò lágbára láti lọ mọ́, ó ṣẹ́kù sójú pópó, kò mọ ilé, kò mọ oko. Pinson fẹ́ obìnrin mìíràn ní tirẹ̀. Ìyá Adèle kú ní Brussels ní 1868 láìfojú kan ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó gbé Adèle nílẹ̀ ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Barbados, Céline Alvarez Baa. Kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ó mú un wọlé, ó bọ́ ọ, ó wá ọ̀nà mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́, ó sì bá a wọ ọkọ̀ òkun padà sí Faransé ní 1872. Ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n, àwọn aláṣẹ erékùṣù náà rí i lójoojúmọ́, àwọn tó ń ka ìwé bàbá rẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé. Ìyá Baa ni ó mú un délé.

Hugo fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Saint-Mandé. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì kú, ọ̀kan ní 1871, èkejì ní 1873. Bàbá náà kú ní 1885. Adèle wà láàyè. Wọ́n gbé e lọ sí Suresnes, ó ń tẹ dùùrù níbẹ̀, ó sì kú ní April 1915, nígbà tí Faransé wà nínú ogun tó le, tí kò sí ẹni tó ráyè ọmọ Hugo. Ọdún 43 ni ó lò nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn.

Ìwé ìrántí rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà. Ó máa ń yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹni ń pa àrokò. Ọ̀mọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Frances Vernor Guille, ni ó jókòó tì í tí ó tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968. Láti ibẹ̀ ni ìtàn náà ti dé ọwọ́ François Truffaut, olùdarí fíìmù, tí ó ṣe L'Histoire d'Adèle H. ní 1975.

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù yìí, kí ó wá a. Isabelle Adjani ni ó ṣe Adèle. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ó fi Comédie-Française sílẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar. (Adèle gidi ti lé ní 30 ọdún, a ti sọ bẹ́ẹ̀ lókè. Sinimá kì í fẹ́ kí obìnrin tó ń ṣàìsàn ìfẹ́ dàgbà.) A kò rí Victor Hugo nínú fíìmù náà rárá, lẹ́tà rẹ̀ nìkan ló ń dé. A ń rí Adèle tí ó ń kọ̀wé lóru, tí ó ń lá àlá pé òun ń rì sínú omi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A rí i tí ó lọ bá bàbá ọmọbìnrin tí Pinson fẹ́ gbé níyàwó, tí ó parọ́ pé ìyàwó Pinson ni òun. A rí i lọ́dọ̀ ọkùnrin onídán kan tó ní òun lè fi ojú mú ènìyàn sùn, ó fẹ́ kí ó fi bẹ́ẹ̀ mú Pinson lọ síwájú àlùfáà. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá ti rí báyìí, wọ́n á ní oògùn ni. Ẹ ò rí i pé ọmọ Hugo náà wá oògùn kiri.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwa ará etíkun yìí mọ̀. Ibi tí fíìmù náà pè ní Barbados kì í ṣe Barbados. Erékùṣù Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gà ni Truffaut ti ya á. Láàárín ògiri Gorée ni Adjani ti ń rìn nínú aṣọ tó ti fàya, níbẹ̀ ni Pinson ti pè é, tí ó wò ó, tí kò mọ̀ ọ́n mọ́, tí ó kọjá lọ. Láti ìgbà tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń wá ọkùnrin yìí; nígbà tí ó dé iwájú rẹ̀, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ìgbà yẹn ni Truffaut sọ òtítọ́ jù lọ nípa àrùn yìí. Ẹni tí aláìsàn náà fẹ́ kì í ṣe ẹni tó wà lóde, ẹni tó wà lórí ìwé rẹ̀ ni.

Àwọn dókítà ti ń wá orúkọ fún un tipẹ́. Esquirol ti kọ̀wé nípa érotomanie ní 1838. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ dúró mọ́ ọn ni Gaëtan Gatian de Clérambault, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá Paris, tí ń yẹ àwọn tí wọ́n mú lójú pópó wò. Ní 1921, ó kọ̀wé nípa obìnrin ará Faransé kan tí ó gbà pé Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn òun. Obìnrin náà máa ń lọ sí London, á dúró síwájú ààfin, bí aṣọ ojú fèrèsé bá mì, á ní ọba ló ń ránṣẹ́ sí òun. Clérambault ní àìsàn yìí máa ń rìn ní ipele mẹ́ta: ìrètí, lẹ́yìn náà ìbínú pé ẹni náà ń fi òun ṣeré, lẹ́yìn náà ìkùnsínú. Bí aláìsàn náà bá dé ìpele kẹta, ọ̀rọ̀ lè le.

Ìpele kẹta yìí ni Hollywood mú, ó sì ju méjì yòókù nù.

Ní 1971, Clint Eastwood ṣe Play Misty for Me, fíìmù àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ darí. Ọkùnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá obìnrin kan tó máa ń pè é sùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán ní òwúrọ̀. Obìnrin náà kò gbà. Ó gé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ lé àwọn ẹlòmíràn, ìparí rẹ̀ ni pé ó já sínú òkun. Fíìmù tó dáa ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àwòṣe ti wà nílẹ̀: obìnrin tí kò gbà kí ọkùnrin lọ, ọ̀bẹ, ìjà, ikú.

Ọdún 1987 ni àwòṣe yìí kárí ayé pẹ̀lú Fatal Attraction, tí Adrian Lyne darí. Lọ́yà kan ní New York, Dan (Michael Douglas), tí ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé, lo òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú Alex (Glenn Close). Nígbà tí ó fẹ́ padà sílé rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, Alex gé ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní òun lóyún, ó ń pe fóònù lọ́sàn-án lóru, ó fi ehoro ọmọ Dan sínú ìkòkò orí iná. Ẹni tó bá ti rí ìkòkò yẹn kò lè gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìparí tí a mọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nínú ìparí àkọ́kọ́, Alex pa ara rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ọwọ́ Dan ti kan, àwọn ọlọ́pàá sì wá mú Dan. Wọ́n fi han àwọn èrò díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Àwọn èrò náà kò fẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan pa obìnrin yẹn. Iléeṣẹ́ náà dá owó mìíràn sí i, wọ́n pe àwọn òṣèré padà: Alex wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ, Dan tẹ̀ ẹ́ sínú omi ìwẹ̀, ó tún dìde, ìyàwó Dan sì yìnbọn pa á. Glenn Close bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lọ bá àwọn dókítà ọpọlọ sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣe eré náà, aláìsàn ni ó mọ Alex sí, kì í ṣe apànìyàn. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Fíìmù náà pa ju mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ káàkiri ayé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Glenn Close, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní àrùn ọpọlọ, di ọ̀kan lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba lòdì sí ìtìjú tí wọ́n ń dì ru àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe adájọ́, kì í ṣe ẹni tó kọ ìtàn ni ó dá Alex lẹ́jọ́ ikú. Èrò ìwòran ni. Ọkùnrin tó dalẹ̀ ìyàwó rẹ̀ padà sáàárín ẹbí rẹ̀, àwòrán ẹbí náà ni fíìmù fi parí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti ọkùnrin tó ń tọ obìnrin lẹ́yìn, ojú mìíràn ni àwọn èrò kan náà fi ń wò ó. Ní Íńdíà, Yash Chopra ṣe Darr ní 1993. Shah Rukh Khan ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń lépa Kiran, tó ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìkólòlò lórí fóònù, tó ń fẹ́ pa ọkọ rẹ̀. Ta ni àwọn èrò fẹ́ràn? Shah Rukh Khan ni. Sunny Deol tó ṣe ọkọ, tó yẹ kó jẹ́ akọni, ló di ẹni ẹ̀yìn. Ìkólòlò yẹn di ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tó jẹ́ ẹ̀rù lára obìnrin ti di adùn lára ọkùnrin.

Kì í sì í ṣe eré lásán nígbà gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́kùnrin kan, John Hinckley, wo Taxi Driver tí Martin Scorsese ṣe ní 1976, ó wò ó léraléra, títí ọkàn rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ Jodie Foster, tó jẹ́ ọmọdé nínú fíìmù náà. Ó tẹ̀ lé e dé yunifásítì Yale, ó ń kọ lẹ́tà sí i, ó ń pè é. Ní ọjọ́ 30 oṣù March 1981, ó yìnbọn lu Ààrẹ Reagan ní Washington, kí ọmọbìnrin náà lè mọ̀ ọ́n. Ní 1982, ilé-ẹjọ́ ní aláìsàn ọpọlọ ni, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn. Ní July 1989, ọkùnrin mìíràn tí ó ti ń tọpa òṣèrébìnrin Rebecca Schaeffer fún ìgbà pípẹ́ pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Ọdún kejì ni ìpínlẹ̀ California ṣe òfin tó sọ títọpa ènìyàn kiri di ẹ̀ṣẹ̀, òfin àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹni tí wọ́n ń tọpa rẹ̀ máa ṣàánú kiri. Kí ó sọ ọ́ síta, kí ó wá ààbò, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má sì sọ fún un pé ìfẹ́ ni.

Àwọn ará Faransé tún gbìyànjú ní 2002. Laetitia Colombani ṣe À la folie... pas du tout, Audrey Tautou ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé dókítà kan tó ní ìyàwó fẹ́ràn òun. Ìdajì àkọ́kọ́, ojú tirẹ̀ la fi ń wò ó, àwa náà sì gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà fíìmù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ojú dókítà wò ó, a rí i pé ọkùnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Aṣọ ojú fèrèsé Clérambault ni, lọ́nà mìíràn. Ìparí rẹ̀ ba wá lẹ́rù ju ọ̀bẹ Alex lọ: ó kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, ẹni tó wá tún yàrá ṣe sún kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí àwòrán dókítà náà lára ògiri. Oògùn tí wọ́n fún un láti máa lò ni ó fi ya á, hóró kọ̀ọ̀kan.

Isabelle Adjani náà padà sí irú eré yìí ní 1988, nínú Camille Claudel tí Bruno Nuytten darí. Camille ń gbẹ́ ère, ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Rodin, ó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n pínyà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé Rodin fẹ́ pa òun, ó ń fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ní March 1913, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ. Paul Claudel, àbúrò rẹ̀, akéwì ńlá ni, àwa tí a lọ sí lísé mọ orúkọ tirẹ̀ náà. Nígbà tó yá, dókítà kọ̀wé sí ìyá wọn pé kí wọ́n mú un padà sílé wò. Ìyá náà kọ̀. Kò wá wò ó rí, títí ó fi kú. Paul wá nígbà díẹ̀ láàárín 30 ọdún. Camille kú sí Montdevergues ní October 1943, kò sí ẹni tó wá gba òkú rẹ̀, wọ́n sì da egungun rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn tí kò ní ẹni.